Ìdílé Tó Ń Gba Àlejò: Òwò Àtijọ́ Kan ní Ìlọrin

Kí òtẹ́ẹ̀lì kankan tó dé Ìlọrin ni àlejò ti ń sùn níbẹ̀. Ọ̀nà tó ti Kánò, Sókótó àti ilẹ̀ Núpé bọ̀ já sí ìlú wa, àwọn oníṣòwò sì ń gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹrù. Ẹni tó kó ọjà dé kì í tà á tán lọ́jọ́ kan. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó padà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó nílò orí ẹní, oúnjẹ, omi ìwẹ̀, ibi tí ẹran rẹ̀ yóò so mọ́, àti yàrá tí òjò kò ti ní pa ẹrù rẹ̀. Ilé àwọn ènìyàn ló ti ń rí gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ta ló ń san owó rẹ̀?

Ìbéèrè náà kan ìdílé mi gbọ̀ngbọ̀n. Àdúgbò Basin ni a ń gbé. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí ilé ọkọ àti ibi iṣẹ́, yàrá mẹ́rin sì ṣófo. Bàbá mi fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì wọn tún àwọn yàrá náà ṣe, kí àwọn tó bá wá sí ìgbéyàwó tàbí sí Yunifásítì lè sùn níbẹ̀, kí wọ́n jẹ ògì àti àkàrà láàárọ̀, kí wọ́n sì san owó. Ìyá mi àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ilé àwọn kò ní di òtẹ́ẹ̀lì lójú ayé àwọn, àti pé àwọn baba wa kì í gba owó oorun lọ́wọ́ àlejò. N kò tó ẹni tí í dá ẹjọ́ láàárín àgbà méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní "àwọn baba wa" ti fẹnu kan ìtàn, ìtàn sì ṣeé yẹ̀ wò.

Ìlú àlejò ni Ìlọrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ló fi ìlú yìí ṣe ibùjókòó. Òun ló ránṣẹ́ pe Álímì, àlùfáà Fúlàní, kó wá bá òun gbé. Ṣọlágbérù àti àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tẹ̀dó sí Òkè-Súnà. Àwọn Haúsá, Núpé, Kànúrí àti Bàrùbá náà wá. Kó tó di 1830, Àfọ̀njá ti kú, Abdulsalami ọmọ Álímì sì ti di Ẹmíà àkọ́kọ́. Títí di òní, orúkọ Balógun mẹ́rin ìlú wa, Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkobì àti Alánàmú, ń rán wa létí pé ọ̀nà tí oníkálukú gbà wá kò dọ́gba. Ìtàn yìí nìkan tó láti kọ́ wa pé gbígba àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹní àti oúnjẹ lásán. Ó lè yí ìlú padà.

Ipò tí Ìlọrin wà ló sọ àlejò gbígbà di òwò. Kán-ún, ẹṣin, ẹran ọ̀sìn àti awọ ń ti àríwá bọ̀. Aṣọ òyìnbó àti ìbọn ń ti etí òkun gòkè. Ìlọrin wà láàárín. Àwọn ìjòyè ìlú kò fẹ́ kí oníṣòwò àríwá kọjá lọ bá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀ ní gúúsù, wọn kò sì fẹ́ kí ará gúúsù kọjá sókè. Ìlọrin ni kí àwọn méjèèjì ti pàdé, kí ará Ìlọrin sì wà láàárín wọn. Nítorí náà ni àwọn àlejò fi pọ̀. Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ibí ní 1855. Rohlfs, ará Jámánì tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tripoli, gba Ìlọrin lọ sí Èkó ní 1867. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé òyìnbó kéré láàárín àwọn tó wọlé. Oníṣòwò ló pọ̀ jù, wọ́n sì ń padà wá lọ́dọọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ilé irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ ṣe ń jèrè, kó wo Sábó ní Ìbàdàn. Ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn Haúsá tó ń ra obì tí wọ́n sì ń ta màlúù. Ọ̀mọ̀wé Abner Cohen gbé láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tó jáde ní 1969. Onílé tó ń gba àlejò ni wọ́n ń pè ní mai gida. Bí oníṣòwò bá da màlúù wá láti àríwá, mai gida yóò fún un ní yàrá, àwọn ìyàwó inú ilé yóò sì gbọ́ oúnjẹ fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Àlejò kò ní san kọ́bọ̀ lórí oorun tàbí oúnjẹ. Mai gida kan náà ni yóò mú un lọ bá àwọn alápatà, nítorí òun ló mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán nínú wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwìn ni alápatà ń ra màlúù. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó san owó. Àlejò kò mọ̀ ọ́n rí, kò mọ ilé rẹ̀, kò sì gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Ta ni yóò dúró fún un? Mai gida ni. Bí alápatà bá sá lọ, mai gida ni yóò san owó náà látinú àpò ara rẹ̀. Nítorí ewu yìí, ó ń gba iye kan lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. La'ada ni Haúsá ń pe owó alárinà náà. Inú rẹ̀ ni owó ẹní, owó oúnjẹ àti owó ìdúró wà pa pọ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi àgbà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láádá tí àwọn mọ̀ ni èyí tí Ọlọ́run ń san fún ẹni tó bá ṣe rere. Wọ́n tún rán mi létí ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ iléékéwú mọ̀, pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò, ohun tó bá lé lórí rẹ̀ sì jẹ́ sàárà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kíyè sí i pé àlejò oríṣi méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ẹbí, ọ̀rẹ́ àti arìnrìn-àjò tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà. Èkejì ni ẹni tó wá wá èrè, tó sì fẹ́ lo ilé àti orúkọ onílé láti fi rí i. Àwọn baba wa kò gba owó lọ́wọ́ èkíní. Lọ́wọ́ èkejì, wọ́n gbà á. Wọn kò kàn pè é ní owó oorun ni.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo òwò náà ló mọ́. Ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìlọrin wà lára àwọn ọjà ẹrú tó tóbi ní apá ibí. Alárinà tó ń gba owó lórí ẹṣin ń gbà á lórí ènìyàn. Nínú ilé tí àlejò kan ti jẹun yó, tó sì sùn fọkàn balẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn lè wà nínú ìdè ní ẹ̀yìnkùlé. Onílé lè jẹ́ olóòótọ́ sí àlejò rẹ̀ kó sì jẹ́ ìkà sí ọmọ ènìyàn. Bí a bá ń yin àwọn àtijọ́, ká má ṣe fo orí ìwé yìí.

Kí ló wá pa òwò náà ní Ìlọrin? Ní 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun ìlú. Ẹnu ibodè tí àwọn ìjòyè ń ṣọ́ kò ní agbára mọ́. Ní 1908, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìlọrin. Nígbà tó fi di 1912, ó ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Oníṣòwò Kánò lè jókòó sínú ọkọ̀, kó fojú wo Ìlọrin láti ojú fèrèsé, kó sì kọjá lọ. Ọjà tó ń dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ mọ́ ní ibùdókọ̀. Àwọn òyìnbó ìjọba kọ́ ilé ìsinmi tiwọn ní ẹ̀yìn ìlú. Níbẹ̀, ẹni tó bá sùn ń sanwó, kò sì mọ baálé kankan. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì òde òní jọ.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí àlejò wà lábẹ́ orúkọ ìdílé láìsan owó yàrá, tàbí kó san owó yàrá láìmọ ìdílé. Ṣùgbọ́n ọmọ Abẹ́òkúta kan fi ọ̀nà kẹta hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ni kì í fún ènìyàn dúdú ní yàrá. Láti 1929 sí 1932, Ṣólańkẹ́ rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti mẹ̀kúnnù láti fi ṣí ilé kan. Ilé náà ṣí ní 1933, ní ojúlé 62, Camden Road. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ni ìyá ilé náà. Ní 1934, ìjọba ṣí tiwọn, Aggrey House, ṣùgbọ́n WASU ta kò ó, nítorí wọ́n fura pé ẹni tó ń fún ọ ní ibùsùn lè fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu rẹ. Ilé Camden Road ń gba owó, síbẹ̀ ilé ni. Ẹni tó dé ibẹ̀ ní tọkọtaya kan tó lè tọ́ka sí pé, "Àwọn ló gbà mí."

Ibi tí ìwádìí mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Ìyá mi àgbà gbà báyìí pé owó gbígbà kò lòdì sí àṣà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àlejò ìdílé kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀, àti pé yàrá kan gbọdọ̀ máa wà ní ìpamọ́ fún un. Bàbá mi gbà. Èmi ní tèmi rò pé ìṣòro ńlá kò sí nínú owó. Ohun tí mai gida ń tà gan-an ni ìdúró: pé bí ohunkóhun bá ṣe àlejò, ẹnìkan wà tí yóò dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí irú ilé yìí lónìí lè ra bẹ́ẹ̀dì àti jẹnẹrétọ̀ lọ́jà. Ìdúró kò sí lọ́jà. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣeé tì, bí owó àlejò bá sọnù, bí àlejò bá ṣàìsàn lóru, bí ó bá sì mú ọmọdé tí kì í ṣe tirẹ̀ wọlé, onílé gbọdọ̀ ti mọ ohun tí yóò ṣe kó tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi. Ní agboolé Gàmbàrí, ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba àti káàkiri ìlú, àwọn àgbà kan lè mọ orúkọ onílé tí àwọn oníṣòwò ń dé sí lọ́dọ̀ baba-ńlá wọn, ìlú tí wọ́n ti wá àti ọjà tí wọ́n gbé. Ìwé díẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹ bi wọ́n nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé náà.