Irinṣẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà fún Olùbẹ̀rẹ̀: Ohun tí Ìtàn Sọ fún Olùkọ́ ní Ugbe-Àkókó

Ìfáárà

Ugbe jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìkàrẹ́ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bí a bá rán olùkọ́ titun lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ kò lójú ni pé: irinṣẹ́ wo ni owó kékeré tó wà lọ́wọ́ lè rà? Àwọn kan lè pe èyí ní ọ̀rọ̀ ọjà lásán. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni, nítorí pé ilẹ̀ wa ti dáhùn ìbéèrè yìí rí ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn náà sì gba owó gọbọi lọ́wọ́ ìjọba láìní èrè tó tó o.

Ibi Iṣẹ́ Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ S.M.A. dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ilẹ̀ Àkókó. Fada Kevin Carroll jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó darí rẹ̀ títí di 1954. George Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sí, ni ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ (1928–2009), ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti lọ kọ́ṣẹ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó yá, òun náà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ìwé tí Carroll tẹ̀ jáde ní 1967 ṣàlàyé ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn ń gbà. Ọnà lílẹ́ ni àkọ́kọ́: àáké àti irin mìíràn tí ojú rẹ̀ dábùú bí ti ọkọ́ ni wọ́n fi ń la ìrísí ère jáde nínú ìtì igi. Àlẹ́tunlẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń fi irin kéékèèké ya ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Dídán ni ẹ̀kẹta. Ìkẹrin ni fínfín, tí ọ̀bẹ mímú ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé irinṣẹ́ ń tẹ̀ lé ìpele iṣẹ́ ni. Ẹni tí kò tíì mọ ọnà lílẹ́ kò nílò ọ̀bẹ fínfín, alágbẹ̀dẹ tó wà nítòsí sì lè rọ gbogbo rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe bí ó bá kú.

Ayùn àti ìfági ní ọ̀nà tiwọn. Agbẹ́gilére ń yọ ère láti inú igi kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n káfíńtà ń so pákó pọ̀ mọ́ pákó. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Bàràsíílì padà wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lára àwọn ilé tí ọwọ́ wọn kọ́. Irin òyìnbó ni, síbẹ̀ ó di tiwa, nítorí pé ọmọṣẹ́ ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ fi kún kí ó tó gba fírídọ̀mù.

Àwọn Àpótí Ọdún 1982

Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 ni ó bí ètò 6-3-3-4, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ní 1982. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní ‘Intro Tech’ bá a wọlé. Ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀rọ fún un wá láti òkè òkun, títí kan ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn dé ni ẹ̀rọ náà wà títí tí wọ́n fi dógùn-ún: kò sí ilé tí wọn yóò gbé e sí, kò sí iná mànàmáná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. (Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi o, àwọn tó rà á kò béèrè ibi tó ń lọ.) Nígbà tí ìjọba sì yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní 1986, dọ́là kan, tí kò jìnnà sí náírà kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ju náírà mẹ́ta lọ kí ọdún tó parí. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ di ohun tí apá ilé-ẹ̀kọ́ kò ká mọ́. Ní 2008, ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án yí orúkọ ẹ̀kọ́ náà padà, ṣùgbọ́n ìṣòro irinṣẹ́ kò bá orúkọ lọ.

Ohun tí Olùkọ́ Ugbe Lè Rà

Ayùn ọwọ́ kan ni kí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ wo eyín rẹ̀ dáadáa. Àwọn ayùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n ti fi iná mú eyín wọn le ní ilé iṣẹ́. Eyín náà máa ń dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ aró. Irú rẹ̀ kì í gba fáìlì. Bí ó bá kú, ó kú náà nìyẹn. Èyí tí fáìlì lè pọ́n ni kí ó rà, kódà bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀.

Ìfági tòkunbọ̀ náà dára bí irin ẹnu rẹ̀ bá ṣì gùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Sìkúyà kò nílò ju ìdánwò kan lọ: kí á gbé e ti etí pákó tó tọ́, kí á fa ìlà, kí á yí i padà, kí á sì fa òmíràn láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì kò bá gun ara wọn, sìkúyà náà ti wọ́. Okùn àti igi tí a fi lọ́ ọ le lè ṣe iṣẹ́ kílámù. Pẹpẹ iṣẹ́ sì rèé, àwọn ọmọ lè fúnra wọn kàn án.

Ṣísẹ́ẹ̀lì méjì, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan fẹ̀, tó láti bẹ̀rẹ̀, pàápàá lórí igi arère tó rọ̀. Alágbẹ̀dẹ lè rọ méjèèjì láti ara súpíríǹgì ọkọ̀ tó ti ṣẹ́. Yóò fi iná sun ún títí yóò fi pọ́n, yóò rì í bọ inú òróró, lẹ́yìn náà yóò rọra tún un yá títí ẹnu rẹ̀ yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Bí kò bá tún un yá, ẹnu rẹ̀ yóò máa kán. Bí ó bá yá jù, yóò máa tẹ̀. Ilé arọ ni kí olùkọ́ ti kọ́ àwọn ọmọ ní èyí, kí wọ́n tó padà wá sídìí pákó.