Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí àti Ìjọba Ajẹ́lẹ̀ ní Ilẹ̀ Èkìtì

Ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Èkìtì, láàárín àwọn òkè tí ó yí Ìkọ́gòsì àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, ni ìlú Òkè-Mẹ̀sí wà. Ìmẹ̀sí-Ìgbódò ni wọ́n ń pè é láyé ìjọ́sí. Inú ìlú yìí ni ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Fábùnmi ti dìde ní ọdún 1878, tí ohun tí ó fi idà rẹ̀ ṣe sì da gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rú.

Kí ọ̀rọ̀ Fábùnmi tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Fúlàní ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, agbára rẹ̀ tàn dé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ìlú tí Ìbàdàn bá borí, ọba rẹ̀ yóò wà lórí oyè, ṣùgbọ́n ìjòyè Ìbàdàn kan ni yóò máa ṣe olúwa ìlú náà. Ìjòyè yìí ni yóò rán ajẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ni ó ń ṣọ́ ọba, òun náà ni ó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Ará ìlú ni ó ń bọ́ òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ajẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́, ara a rọ ìlú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìkà, kò sí ẹni tí ìlú lè fi í sùn àfi ọ̀gá tí ó rán an wá.

Oyèpẹ̀tún ni ajẹ́lẹ̀ Òkè-Mẹ̀sí nígbà náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan obìnrin ilé Fábùnmi ni ó bí i nínú, tí ó fi fa idà yọ, tí ó sì bẹ́ orí Oyèpẹ̀tún. Ààrẹ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ń ṣe olórí Ìbàdàn, ní kí wọ́n mú Fábùnmi wá fún òun. Àwọn ará Òkè-Mẹ̀sí kọ̀ jálẹ̀.

Fábùnmi mọ̀ pé ìlú kan ṣoṣo kò lè dojú kọ Ìbàdàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ó ké sí àwọn ìlú Èkìtì yòókù, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn sì dára pọ̀ mọ́ wọn. Èyí ni a mọ̀ sí Èkìtìparapọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dùn, nítorí pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn àti àwọn ará Ìlọrin tí ó bá wọn pawọ́ pọ̀ ní ẹ̀bá Ìkìrun, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi.

Ìṣẹ́gun yìí kò tú wọn ká. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé, akọni Ìléṣà tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn. Nígbà tí ó dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun, Fábùnmi sì di ẹni tí ń tẹ̀ lé e. Ọwọ́ Fábùnmi ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó gbà kí ẹni tí ó mọ ogun jù ú lọ máa darí rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé ní Èkó náà ṣe tiwọn: wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn ránṣẹ́, èyí tí ó ń yìn kíákíá ju ṣakabùlà lọ. Ìró ìbọn ni wọ́n sọ pé ó bí orúkọ ogun náà, Kírìjì.

Ogun náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ibùdó, níhà Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, fi dà bí ìlú, tí wọ́n ní ilé, oko àti ọjà. Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885. Ní oṣù kẹfà ọdún 1886, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà tí Gómìnà Moloney ti Èkó rán Samuel Johnson àti Charles Phillips láti bá wọn ṣètò. Ìbàdàn gbà pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira. Síbẹ̀, ọdún 1893 ni Gómìnà Carter tó tú àwọn ibùdó náà ká.

Báyìí ni ogun tí Fábùnmi dá sílẹ̀ ṣe parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1893 kan náà, òyìnbó ọmọ ogun kan, Captain Bower, jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó mú Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé, ó sì lé e kúrò nílùú. Orúkọ wo ni àwọn Yorùbá wá fún irú òyìnbó aláṣẹ bẹ́ẹ̀? Ajẹ́lẹ̀ ni. Idà lè pa ajẹ́lẹ̀ kan. Kí ipò ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ tó parẹ́, iṣẹ́ tí ó pẹ́ ju ti idà lọ ni.