Ẹja Ẹlẹ́nu Ńlá Nínú Omi Yìnyín: Báwo Ló Ṣe Lè Tóbi Tó?

Ọ̀rọ̀ ẹja la bá dé lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tó wà nínú ọbẹ̀.

Ẹja kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní largemouth bass. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kódà tó bá pa ẹnu dé, igun ẹnu náà kọjá ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ẹja kékeré, ọ̀pọ̀lọ́, eku tó já sómi, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì. Báàsì ni màá máa pè é, kó lè rọrùn fún ẹnu mi.

Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé: ní àríwá, níbi tí yìnyín ti ń bo adágún fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún, báwo ni báàsì ṣe lè tóbi tó? Ká tó lè dáhùn, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń tóbi tó níbi tó móoru.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 1932, àgbẹ̀ ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ George Perry lọ pẹja ní Montgomery Lake, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ó fa báàsì kan jáde tó wọn kílò 10 àti díẹ̀. Ẹ ronú àpò ìrẹsì kílò mẹ́wàá tí ẹ ń rà lọ́jà: ẹja kan ṣoṣo nìyẹn. Wọ́n wọ̀n ọ́n nílùú Helena, Perry fi ìwọ̀n náà wọ ìdíje ìwé ìròyìn Field & Stream, ó sì jẹ ẹ̀bùn. Ẹja ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n sè é jẹ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Àkókò tí owó wọ́n bí ojú ni gbogbo Amẹ́ríkà wà nígbà náà, ta ló fẹ́ gbé ẹran kílò mẹ́wàá kọ́ sára ògiri?

Kò sẹ́ni tó bá Perry dọ́gba títí di oṣù Keje ọdún 2009, nígbà tí Manabu Kurita fa tirẹ̀ jáde ní Lake Biwa ní Japan. Ọdún 1925 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé báàsì láti Amẹ́ríkà lọ sí Japan. Ẹja Kurita fi díẹ̀ wúwo ju ti Perry lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò tó ohun tí òfin ìdíje béèrè, ni wọ́n bá ní kí àwọn méjèèjì jọ máa pín ipò kìíní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gba àríwá lọ. Ní Wisconsin, báàsì tó tóbi jù nínú ìwé ìjọba wá láti Lake Ripley lọ́dún 1940, ó sì wọn nǹkan bíi kílò 5. Ti Michigan, tí wọ́n mú lọ́dún 1934, fi díẹ̀ lé ní kílò 5. Ti Ontario ní Kánádà kò tó kílò 5. Ní Minnesota, níbi tí òtútù ti ń gé èèyàn jẹ, kílò 4 ni. Ìyẹn ni pé ọba báàsì Minnesota kò tó ìdajì ti Perry. Massachusetts nìkan ló fẹ́ ba ìṣirò mi jẹ́: lọ́dún 1975, ẹnì kan gbẹ́ ihò sínú yìnyín ní Sampson's Pond, ó sì fa báàsì kílò 7 gba inú ihò náà. Ṣùgbọ́n etí òkun ni Massachusetts wà, òtútù ibẹ̀ kò le tó ti Minnesota.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kéré? Ara ẹja kì í ṣe ooru fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ṣe ń rí, bíi alángbá tó ń yá oòrùn lórí ògiri kó tó lè sáré. Báàsì ń dàgbà dáadáa nígbà tí omi bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 28 ti Celsius. Tí omi bá ti tutù dé 10, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀ mọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dàgbà. Lábẹ́ yìnyín, omi ìsàlẹ̀ adágún máa ń wà ní nǹkan bíi 4, nítorí ìwọ̀n yẹn ni omi ti wúwo jù. Yìnyín á wá léfòó sókè bí ìdérí ìkòkò. Ẹja kò kú níbẹ̀, àmọ́ kò sanra. Ní Florida, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọdún ni báàsì fi ń jẹun. Ní Minnesota, oṣù díẹ̀ ló ní. Báàsì Florida tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun ló ń tóbi jù, kò sì lè fara da òtútù àríwá.

Ohun tó wú mi lórí jù rèé. Báàsì àríwá ń fi ọdún ra ohun tí oòrùn kò fún un. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹja tó ń yí òrùka lé òrùka lọ́dọọdún, bí inú igi ṣe ń ṣe. Àwọn onímọ̀ a gé e, wọ́n á sì ka òrùka rẹ̀. Wọ́n ti rí báàsì tó ju ọmọ ogún ọdún lọ ní New York. Báàsì kílò méjì ní àríwá lè ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Florida kò ní ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Torí náà, ẹni tó bá pa ẹja ńlá kan ní Minnesota pa ohun tí adágún náà kò lè dá padà láàárín ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún 1972, Ray Scott, tó dá ẹgbẹ́ àwọn apẹja báàsì sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn tó ń díje pé kí wọ́n máa dá ẹja padà sómi láàyè. Lójú tèmi, àríwá ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu jù.

Ṣùgbọ́n omi àríwá ti ń móoru. Yìnyín ń pẹ́ kó tó bo adágún, ó sì ń tètè yọ́. Ìròyìn ayọ̀ lèyí fún báàsì: àkókò oúnjẹ gùn sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ tí ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ì bá pa sì ń yè é. Ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Nínú adágún Wisconsin kan náà ni walleye ń gbé, ẹja tí àwọn ọmọ Ojibwe, onílẹ̀ ibẹ̀, ń pè ní ogaa. Omi tó tutù ló fẹ́. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí adágún ṣe ń móoru, báàsì ń pọ̀ sí i, ọmọ ogaa sì ń dín kù.

Ogaa yìí, wọ́n jà fún un. Nígbà tí àwọn Ojibwe fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà nínú àdéhùn 1837 àti 1842, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn á ṣì máa dọdẹ, àwọn á ṣì máa pẹja níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ṣe bí ẹni pé ìwé náà kò sí. Lọ́dún 1974, tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì láti Lac Courte Oreilles mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ààlà ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n lọ fi ọ̀kọ̀ gún ẹja kí wọ́n lè mú wọn. Wọ́n mú wọn lóòótọ́. Lọ́dún 1983, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé àdéhùn náà ṣì múlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tí àwọn Ojibwe bá jáde lálẹ́ ìgbà ìrúwé láti gún ogaa, àwọn èrò á dúró sétí omi, wọ́n á máa bú wọn, wọ́n á máa sọ wọ́n lókùúta. Ó le gan-an lápá ìparí àwọn ọdún 1980.

Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀tọ́ wọn padà, àmọ́ ìwé àdéhùn kò lè mú omi tutù. Ní Lac du Flambeau, àwọn Ojibwe ní ilé tí wọ́n ti ń gba ẹyin ogaa, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n sì ń dà àwọn ọmọ rẹ̀ padà sínú adágún, níbi tí báàsì ti la ẹnu sílẹ̀ dè wọ́n.