Ìṣètò ojú ẹ̀rọ láti dènà àṣìṣe

Ìṣètò ojú ẹ̀rọ láti dènà àṣìṣe ni ìmọ̀ bí a ṣe ń to bọ́tìnnì, swíìṣì àti ojú kọ̀ǹpútà kí ó lè ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti ṣì í lò, tàbí kí ó lè tètè tún un ṣe bó bá ṣì í. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ìbáwí kì í mú àṣìṣe kúrò lára ẹ̀dá. Ẹ̀rọ ló yẹ ká tún tò.

Ìtàn

Inú ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà ni ìmọ̀ yìí ti gbilẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn awakọ̀ B-17 a máa ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti balẹ̀, ọkọ̀ á sì fi ikùn lélẹ̀. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá, rí i pé swíìṣì ẹsẹ̀ àti ti flap tó wà lẹ́yìn apá ọkọ̀ jọra, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi rọ́bà roboto bíi táyà sórí ti ẹsẹ̀, ó sì fi èyí tó rí bí apá ọkọ̀ sórí ti flap, kí ọwọ́ lè dá wọn mọ̀ láìjẹ́ pé ojú wò wọ́n. Òfin Amẹ́ríkà ṣì ń béèrè irú ìrísí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú ńlá títí dòní.

Ní 1947, Paul Fitts àti Richard Jones yẹ àṣìṣe awakọ̀ 460 wò. Nǹkan bí ìdajì ló jẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ kan ohun kan nígbà tó ń wá òmíràn.

Ní Japan, ní 1961, Shigeo Shingo ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan a máa gbàgbé láti fi sípíríìngì sínú swíìṣì. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka sípíríìngì méjì tí swíìṣì kan nílò sínú àwo; bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, iṣẹ́ kò pé. Poka-yoke ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí.

Ní báńkì, ọ̀pọ̀ ATM ń dá káàdì padà kí owó tó jáde, nítorí ẹni tó bá ti gba owó a máa fi káàdì sílẹ̀ lọ.

Àwọn ìjàǹbá

Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ Therac-25 fún aláìsàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ jù. Bí ẹ̀rọ náà bá rí àṣìṣe, nọ́ńbà lásán ló ń kọ sójú, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ sì ń tẹ̀ kí iṣẹ́ máa lọ.

Ní 13 Oṣù Kínní 2018, ìkìlọ̀ èké pé mísáìlì ń bọ̀ dé orí fóònù káàkiri Hawaii. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé òṣìṣẹ́ kan ló ṣì í tẹ̀. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ wá ròyìn pé òṣìṣẹ́ náà ní òun gbà pé ewu dé lóòótọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n ẹ̀bi tó jẹ́ ti ojú kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun àríyànjiyàn. Èyí tí kò ní iyàn ni pé ìṣẹ́jú 38 kọjá kí àtúnṣe tó jáde, nítorí wọn kò pèsè ọ̀rọ̀ ìfagilé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pèsè rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀ranyàn kí ènìyàn méjì fọwọ́ sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.