Owó Níná Lórí Ọkọ̀ Ojú Omi Ìgbafẹ́

Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ni ọkọ̀ ńlá tó ń gbé èrò kiri láti èbúté dé èbúté, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń ṣe fàájì nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Miami ní ìpínlẹ̀ Florida ni ojúkò òwò náà ní Amẹ́ríkà, Southampton sì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston kò jìnnà sí èbúté Galveston, níbi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra. Owó tí èèyàn san kó tó wọkọ̀ kárí yàrá, oúnjẹ ní àwọn ilé oúnjẹ gbogboogbò, àti ọ̀pọ̀ eré alẹ́. Ṣùgbọ́n ọtí, ìpèsè íntánẹ́ẹ̀tì, ilé oúnjẹ àkànṣe, yàrá tẹ́tẹ́, dókítà, àti ìrìn nínú ìlú tí ọkọ̀ bá yà sí, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà lórí gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó ń lọ ti pinnu nílé: èló ni yóò mú dání, irú owó wo, báwo ni yóò sì ṣe máa ná an.

Láyé ọkọ̀ èrò àtijọ́, owó ọwọ́ ló ṣe pàtàkì. Nínú ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó ná ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Èkó láti 1951 di 1974, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní purser ni ọ̀rọ̀ owó wà, òun ló sì ń bá èrò tọ́jú ohun iyebíye. Tábìlì ìtọ́jú àlejò ló rọ́pò ọ́fíìsì rẹ̀ lórí ọkọ̀ òde òní. Owó bébà fúnra rẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Àkáǹtì orí ọkọ̀

Kí èrò tó wọlé ni yóò ti fi káàdì báńkì rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní káàdì ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ Carnival ń pe tirẹ̀ ní Sail & Sign, Royal Caribbean ń pe tirẹ̀ ní SeaPass. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ Princess gbé Medallion jáde, ohun roboto kékeré kan bí owó ẹyọ tí èèyàn lè so mọ́ ọrùn tàbí ọwọ́. Ohun kan náà yìí ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá, òun ni wọ́n ń yẹ̀ wò bí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, òun náà ni wọ́n fi ń ra ọtí. Bí ẹ bá na dọ́là sí agbọ́tí, yóò ní kí ẹ fi pamọ́, káàdì ọkọ̀ lòun fẹ́ rí.

Ewu rẹ̀ pọ̀ ju bí àwọn olówò náà ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Owó kankan ò kúrò lápò lójú ẹni, kò sì ní dunni. Ife kọfí méjì lójúmọ́, fọ́tò kan lálẹ́, eré orí ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń fi káàdì tiwọn ṣe: kí ọjọ́ keje tó pé, gbèsè ti ga dé àyà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọkọ̀ ló ní áàpù tí èèyàn lè fi wo àkáǹtì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ síta fún un ní tábìlì àlejò. Ẹ máa wò ó lálaalẹ́. Ẹ sì lè ní kí wọ́n ti ìnáwó orí káàdì àwọn ọmọ pa. Ẹ̀tọ́ òbí ni.

Dọ́là Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkọ̀ yìí fi ń ṣírò. Ti P&O Cruises ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn ni; àwọn ọkọ̀ MSC àti Costa tó ń rìn lórí òkun Mẹditaréníà ń lo yúrò. Ẹni tó ń gbé London tó wọ ọkọ̀ oní-dọ́là gbọ́dọ̀ rántí pé ọ̀pọ̀ káàdì báńkì ibẹ̀ ń yọ nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lórí ohunkóhun tí wọ́n bá rà ní owó òkèèrè.

Káàdì tí èèyàn fi sílẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Bí ó bá jẹ́ ti débíìtì, ọkọ̀ yóò máa di owó mú nínú àkáǹtì báńkì ẹni bí ìnáwó bá ṣe ń lọ sókè. Ká ní 900 dọ́là ni obìnrin kan ní ní báńkì, tó sì ná 400 lórí ọkọ̀. Wọ́n ti di 400 yẹn mú díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún fa 400 gan-an yọ, báńkì ò sì tíì tú èyí tí wọ́n dì mú sílẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, 100 péré ni ó lè ná. Owó rẹ̀ ò sọnù, ṣùgbọ́n bí owó ilé bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, wàhálà dé. Káàdì kirẹ́díìtì kì í fa irú èyí, nítorí owó báńkì ni wọ́n ń dì mú, òun ni mo sì fara mọ́ fún ẹni tó bá lè san án tán nígbà tí bíìlì bá dé.

Ẹni tí kò fọkàn tán ara rẹ̀ ní ọ̀nà kẹta. Yóò kó owó bébà lọ sí tábìlì àlejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn yóò kọ ọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀, bó bá sì tán, káàdì ọkọ̀ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi bó bá tún fi kún un. Ìyókù, wọn yóò dá a padà kó tó lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò sí ọ̀nà tó dára jù ú lọ.

Ti ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, wọ́n sì dá a dúró pátápátá lẹ́yìn náà. Ní 2025 ni àwọn báńkì kan tún ṣí i, pẹ̀lú òdiwọ̀n. Káàdì àkáǹtì dọ́là, tí àwọn èèyàn ń pè ní dọ̀m, ló ṣe é gbára lé jù. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi báńkì léèrè bóyá ó gba kí wọ́n di owó mú lórí rẹ̀.

Tíìpù

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ń yọ owó òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí èrò kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi dọ́là 16 sí 20 fún yàrá tí kò ní àrà. Tọmọdé tàgbà ni wọ́n sábà máa ń kà. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tó bá lo òru méje, bí ó bá jẹ́ 18 dọ́là, 504 dọ́là ni, kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Èyí yàtọ̀ sí ìdá 18 sí 20 nínú 100 tí wọ́n ń fi lé owó ọtí. P&O Cruises fòpin sí owó ojoojúmọ́ yìí ní 2019.

Lórí àwọn ọkọ̀ kan, èèyàn lè lọ sí tábìlì àlejò kó ní kí wọ́n yọ owó náà kúrò, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò dáa. Àwọn agbáwo àtàwọn tó ń tún yàrá ṣe, tí púpọ̀ wọn wá láti Philippines, Indonesia àti Íńdíà, fi ilé àti ọmọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, inú owó yìí sì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ti ń wá. Ẹni tí kò bá lè san án, kó kà á mọ́ owó ọkọ̀ látilẹ̀, kó wá ọkọ̀ tó dínwó. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe kún un, kó fi owó bébà sínú àpòòwé lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Àwọn alárùú tó ń gba ẹrù ní ẹnu èbúté kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Dọ́là díẹ̀ lọ́wọ́ ni tiwọn.

Owó ní èbúté

Lórí ilẹ̀ ni owó bébà ti wúlò, owó kéékèèké ló sì ń wúlò jù. Ní Èkó, àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là kì í fẹ́ bébà 1 àti 5. Iye tí wọ́n ń san lórí 100 ló dára jù. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, òdìkejì ni: 100 ń dá onímọ́tò àti oníṣẹ́ ọnà láàmú, 1 àti 5 ló ń bá ọjà lọ.

Dọ́là kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo lágbègbè yẹn. Ti Bahamas bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba, èèyàn sì lè fi ọ̀kan san dípò èkejì ní Nassau. Ti Barbados, méjì ló ń jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan. Saint Lucia, Antigua, Grenada àti àwọn alájọlò wọn ń ná dọ́là Ìlà-Oòrùn Kàríbíánì, tí wọ́n ti so mọ́ 2.70 sí dọ́là Amẹ́ríkà kan láti 1976. Cayman ló ń mú àlejò jù: tiwọn wúwo ju ti Amẹ́ríkà lọ, ẹyọ kan jẹ́ 1.20. Bí ọlọ́jà bá pe nǹkan ní 10 dọ́là, ẹ bi í pé dọ́là ta ni. Ó lè jẹ́ 12. Kí ẹ tó wọ takisí ni kí ẹ ti bèèrè bẹ́ẹ̀. Ní Jàmáíkà, wọ́n á gba dọ́là Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n owó Jàmáíkà ni ṣéńjì lè jẹ́.

Bí ẹ̀rọ POS bá bèèrè bóyá owó ìlú yín lẹ fẹ́ fi san tàbí owó ibẹ̀, ẹ mú owó ibẹ̀. Iye tí ẹ̀rọ ń fi ṣẹ́ owó sábà máa ń burú ju ti báńkì yín lọ. Ẹ má sì kó gbogbo káàdì dání. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpótí onírin tó wà nínú yàrá.

Kúbà ni wọ́n ti rí i kedere pé káàdì nìkan ò tó. Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún 2016 ni ọkọ̀ Adonia láti Miami gúnlẹ̀ sí Havana, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Ẹni tó fẹ́ sọdá omi lọ sí Regla, níbi tí àwọn ọmọ Lukumí, ìran Yorùbá ní Kúbà, ti ń júbà Yemọja, owó bébà ló gbọ́dọ̀ mú dání, nítorí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo káàdì báńkì Amẹ́ríkà ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Títí di 2020, ìjọba Kúbà tún ń yọ ìdá 10 nínú 100 lórí dọ́là tí èèyàn bá fẹ́ ṣẹ́; ẹni tó mú yúrò wá kò san án. Ní oṣù kẹfà 2019, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀nà náà dúró.

Dókítà àti aṣọ́bodè

Ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àkáǹtì kan náà tí ọtí ń lọ sí ni yóò lọ, ó sì lè ju owó ọkọ̀ lọ. Kí olówó àti aláìlówó ra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ẹni tó bá mú ju 10,000 dọ́là lọ wọ Amẹ́ríkà tàbí jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè, òfin Nàìjíríà náà sì fi 10,000 ṣe òdiwọ̀n. Kò sí ohun tí èèyàn ń fi iye yẹn ṣe lórí ọkọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni bíìlì ìkẹyìn ń jáde. Ẹ kà á ní ìlà ní ìlà. Bí ohun tí ẹ ò rà bá wà níbẹ̀, ẹ lọ sí tábìlì àlejò kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí ó rọrùn láti yanjú lójúkojú ju lórí fóònù lọ.