Jẹnẹrétọ̀ Àtijọ́ àti Àwọn Tó Mọ Ohùn Rẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀rẹ̀

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀ yóò kọjá ní Ajue, yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ igi lòun wà. Igbó Ọba Olúwà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ló bí òwò gẹdú níbẹ̀. Ìrókò, ọ̀gànwó àti afárá ló kọ́kọ́ ń tinú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba gbin mẹlaina àti tíìkì. Òwò igi yìí ló gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wọ agbègbè náà, torí ẹ̀rọ ìlagi gbọ́dọ̀ súnmọ́ igi, wáyà iná kì í sì í bá a wọ igbó.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló ṣe ẹ́ńjìnnì yìí yọrí ní Augsburg ní ọdún 1897. Kò nílò pílọ́ọ̀gì tí yóò ṣáná sí epo. Pístìn ni yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan. Bí epo bá ti ta sínú rẹ̀, ó gbiná. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Lister ní Dursley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irú kan jáde tó dé Íńdíà, tó sì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: pístìn kan ṣoṣo àti fúláì-wíìlì ràgàjì méjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, kò béèrè bátìrì. Irú rẹ̀ ló ń lọ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní ọ̀pọ̀ abúlé.

Iná ìjọba wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ pèsè iná mànàmáná ní Èkó. Òfin ọdún 1950 dá ECN, àjọ iná mànàmáná Nàìjíríà, sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì sì ni ECN fúnra rẹ̀ fi tan iná ní ọ̀pọ̀ ìlú tí wáyà ńlá kò tíì dé. Ibùdó iná tí agbára omi ń yí ní Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, NEPA sì rọ́pò ECN ní 1972. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ abúlé tó wà láàárín oko kòkó ṣì ń fi àtùpà ríran.

Ibi tí Ọ̀rẹ̀ wà ló sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà Èkó, ti Bìní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa pàdé níbẹ̀. Lọ́rí agbégẹdú àti ọkọ̀ èrò ń bàjẹ́ sí oríta náà, mẹ́káníìkì sì ń pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì Perkins tó wà nínú kátakàtà àti èyí tó ń yí jẹnẹrétọ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó mọ ọ̀kan á tún èkejì ṣe, ohun tí wọ́n sì tú lára ọkọ̀ tó ti kú ni wọ́n fi ń jí jẹnẹrétọ̀ dìde. Ọmọ iṣẹ́ a lo ọdún mélòó kan lẹ́sẹ̀ ọ̀gá kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ̀m fún un. Etí, imú, ojú àti àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Èéfín ló kọ́kọ́ ń kọ́ láti mọ̀. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ó lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun pákó ti dí fílítà, tàbí kí ẹ́ńjìnnì máa gbé iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá ṣe bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, ríìngì pístìn ti jẹ. Bó bá funfun, tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, epo kan wà tí kò jó, tàbí kí omi máa gba ara gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé.

Bí epo bá tán pátápátá, afẹ́fẹ́ á wọ páìpù. Bó ti wù kí wọ́n yí i tó, kò ní dáhùn. Ọ̀gá á dẹ síkúrù orí fílítà, á máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré títí epo tó ń jáde kò fi ní hó mọ́, á wá dì í padà. Bí ẹ́ńjìnnì onípístìn mẹ́rin bá ń kọsẹ̀, á dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súùlù lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n dẹ tí ìró kò yí padà ni kò ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, ẹ́ńjìnnì á máa sáré dáadáa, iná ò ní jáde. Jẹnẹrétọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni irú èyí máa ń bá: agbára òòfà inú rẹ̀ ti tán. Bátìrì folti 12 tí wọ́n fi kan wáyà tó yẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ máa ń dá a padà.

Ìtọ́jú ló ń dá ẹ̀mí jẹnẹrétọ̀ sí. Wákàtí 250 ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà dá fún pípààrọ̀ ọ́ìlì, ṣùgbọ́n níbi tí ìyẹ̀fun pákó ti ń fò, kò yẹ kí wọ́n dúró tó bẹ́ẹ̀. Omi tó bá wọ inú epo a máa mú kí pọ́ǹpù àti nọ́súùlù dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí àgbà mẹ́káníìkì fi ń fa omi ìsàlẹ̀ táǹkì jáde.

Iṣẹ́ irin ni iṣẹ́ mẹ́káníìkì, Ògún ló sì ni irin. Nígbà ọdún Ògún ní ìlú Oǹdó, awakọ̀ àti mẹ́káníìkì máa ń bá alágbẹ̀dẹ jáde.

Ní Omotosho, tí kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ iná tó ń lo gáàsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná, àní lẹ́yìn tí ìjọba ta àwọn ilé iṣẹ́ apíná ní 2013. Dísẹ́ẹ̀lì náà gbówó lórí: lítà kan kò tó 300 náírà ní January 2022, ó sì ti lé ní 700 kí ọdún náà tó parí. Pẹ̀lú irú owó bẹ́ẹ̀, nọ́súùlù kan tó ń jò lè jẹ gbogbo èrè onílé iṣẹ́ ìlagi.

Jẹnẹrétọ̀ tuntun ti ń gbé kọ̀ǹpútà sára, ẹni tó ń tún un ṣe sì nílò ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú rẹ̀. Ti àtijọ́ ṣì wà nílé iṣẹ́ ìlagi àti ilé ìlọta, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ń darúgbó. Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó pè wọ́n wọ kíláàsì, kí wọ́n san owó fún wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sínú ìwé ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, kí ọmọ iṣẹ́ ní Ajue lè gbé e dání lọ síbi iṣẹ́.