Ọyẹ́ Lórí Ọ̀sà: Àwọn Olùwòye Ojú Ọjọ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún bá wọlé, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, tí àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti wá ṣe ọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà kì í yé béèrè ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, èyí sì ni pé: ọyẹ́ ti ọdún yìí dà? Ní Ṣakí, ní Ìlọrin àti ní gbogbo ìhà òkè ọ̀hún, ìdáhùn rẹ̀ kò le, nítorí pé onílé ni ọyẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá ti dé, ó di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá lé e kí ó tó kúrò. Ṣùgbọ́n ní Ìkòròdú Ọ̀gà, ní Ìjẹdẹ, ní Agbówà, ní Èjìnrìn àti ní Ẹ̀pẹ́, àlejò ni, àlejò tí kì í ránṣẹ́ ṣíwájú, tí ó lè sun oorun ọjọ́ méjì péré kí ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ, tí ó sì lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó má fẹ́ relé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀bá ọ̀sà, níbi tí ọyẹ́ kì í ti í pẹ́, ni àwọn ènìyàn ti fi gbogbo ojú àti gbogbo ara wọn kọ́ bí a ti ń mọ̀ ọ́n kí ó tó dé. Oúnjẹ wọn rọ̀ mọ́ ìmọ̀ náà, ẹ̀mí wọn pẹ̀lú sì rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀fúùfù méjì ni ó ń jìjà du ojú ọ̀run wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti agbedeméjì gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Olómi ni, òun sì ni ìyá òjò. Èkejì ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ láti agbedeméjì àríwá àti ìlà-oòrùn. Gbígbẹ ni, eruku ni ó sì fi ṣe aṣọ ìbora. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan: ní oṣù kẹjọ, ó ti kọjá Kánò àti Sókótó lọ sí etí aginjù, ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, ó ti sọ̀ kalẹ̀ títí dé bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 sí àríwá ìlà tí ó dá ayé sí méjì, àárín ìwọ̀n 6 sí 7 yìí gan-an ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì wà. Orí wa ni ààlà náà ń gbé ṣe àṣesílẹ̀ àṣebọ̀. Bí ẹ̀fúùfù òkun bá rí agbára díẹ̀ kún agbára, ààlà náà á padà sókè, ọyẹ́ á sì ká kúrò nílẹ̀; bí ti aginjù bá borí, a ó jí lówùúrọ̀, a ó rí i pé ètè ti là, pé eruku funfun ti bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, pé ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì ní ìgbà òjò ti sún kì, ó sì ń ṣí fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ a-gbé-eruku-wọ̀lú, a-fọ́-ètè-ọlọ́rọ̀-fọ́-ti-tálákà, kò sí ẹni tí kì í bẹ̀ wò.

Àwọn baba wa kò mọ ìwọ̀n àti ìlà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tí àgbàlagbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bí ó tilẹ̀ gun orí igi. Wọn a máa wo lékèélékèé, tí ń ti òkè bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn a máa wo igi àràbà, tí ewé rẹ̀ ń rẹ̀ dànù. Wọn a máa wo ìràwọ̀ ní òru, bí ó bá pọ̀ jọjọ tí ó sì ń tàn yanran láìsí ìkúùkù kankan, tí òtútù sì mú kí àkùkọ tó kọ. Onílù pàápàá ní ohun tí ó lè sọ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, awọ ìlù a le, ohùn rẹ̀ a sì mú ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí kò ju àmì tí ń sọ pé ìgbà ọyẹ́ tó lọ. Àmì tí ń sọ ọjọ́ rẹ̀, ojú omi ni wọ́n ti ń wò ó. Lójoojúmọ́ ayé, ní òru mọ́jú àti ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ilẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ sí orí omi. Bí oòrùn bá ti ga, tí ilẹ̀ gbóná ju omi lọ, atẹ́gùn òkun á gba ipò rẹ̀, yóò sì máa fẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà bí ọ̀sán bá pọ́n tí atẹ́gùn òkun kò dé, tí ti ilẹ̀ kò sì fi ipò sílẹ̀, àgbà atukọ̀ á mọ̀ pé ohun tí ń ti òkè bọ̀ kò kéré.

Èyí tí ó wú mi lórí jù lọ nínú ìmọ̀ wọn ni ìyàtọ̀ tí wọ́n ń fi sí àárín kùrukùru àti ọyẹ́, nítorí pé àjèjì tí ó bá dé èbúté ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ní oṣù kejìlá kò lè rí òdìkejì ọ̀sà nínú èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Kùrukùru a máa tutù sí ni lára, a máa kán tó-tó láti orí ewé, igi ọkọ̀ á sì tutù rin. Ọmọ ẹ̀fúùfù òkun ni, omi ni ó fi ṣe ara, oòrùn yóò sì tú u ká kí ọjà tó kún. Ẹni tí ó bá mọ èyí á so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn, á jẹ ẹ̀kọ, á dúró. Ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀run bá ṣú láìsí ọ̀rinrin nínú rẹ̀, tí imú gbẹ, tí oòrùn yọ ní pupa tí ojú ènìyàn sì lè wò ó láìṣẹ́, ọyẹ́ ni, kò sì sí ìdúró wákàtí méjì tí yóò wò ó sàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́, kí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀la. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan pè ní èkejì, yálà kí ó pàdánù ọjà, yálà kí ó ṣìnà lórí omi.

Ọjà sì kọ́ ni ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Èjìnrìn, tí ó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní ẹ̀bá omi yìí ní ọ̀rúndún 19: ibẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀bú ti ń kó epo pupa, ekuro àti oúnjẹ ilẹ̀ òkè fún àwọn ará Èkó, tí àwọn ará Èkó náà sì ń kó iyọ̀, aṣọ àti ọtí wá. Ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ìlà-oòrùn Èkó ni Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn wà, nítorí náà ọkọ̀ tí ó bá ṣí ní òru, tí ó ta ìgbòkun sí atẹ́gùn ilẹ̀, á rí ìrànlọ́wọ́ lọ sí Èkó, atẹ́gùn òkun ọ̀sán á sì tún bá a gbé ìgbòkun padà sílé. Bí ọyẹ́ bá dé, ìlọ á yá, ṣùgbọ́n àbọ̀ á di ti àjẹ̀ àti ti iṣan apá. Obìnrin tí ó ń ta òrí, tí ọjà rẹ̀ kì í yá nígbà òjò, ń gbàdúrà pé kí ọyẹ́ yìí kan náà pẹ́. Ẹni tí ń sá ẹja àti èdé ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ wà lójú omi kò ní ṣe àmín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi òkun ń wọ inú ọ̀sà Èkó tí ó sì ń sọ ọ́ di oníyọ̀, nígbà tí omi ìhà Ẹ̀pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi dídùn yí ọdún ká, ẹja òkun àti ẹja odò á sì yà sí ibi tí ó wù wọ́n. Gbogbo èyí ni apẹja ń rò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kí ó tó yan ibi tí yóò lọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àkọsílẹ̀ nípa ọyẹ́ etí òkun yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1781, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Matthew Dobson tẹ ìròyìn jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó sì kó ọ̀rọ̀ náà fún un ni Robert Norris, oníṣòwò ẹrú, tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí ọyẹ́ ní Ouidah, ní ilẹ̀ Dàhòmì. Ọwọ́ tí ń ra ọmọ ènìyàn ni ó kọ ọ́, kò sì yẹ kí a gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ bá ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀ mu. Ó ní ọyẹ́ ń dé láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, pé nígbà mìíràn ọjọ́ kan tàbí méjì ni, nígbà mìíràn ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Pé àwọn ilé odi Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Pọtogí tí kò jìnnà síra wọn ní Ouidah kì í rí ara wọn nínú eruku náà. Pé pákó ń là, ẹ̀yìn ìwé ń ká kò. Àwọn òyìnbó etí òkun a tilẹ̀ máa pe ọyẹ́ ní Dókítà, nítorí pé ó ń mú ooru àti ọ̀rinrin tí ń pọ́n wọn lójú kúrò.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà ogun pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ níbòmíràn ń bá ọdún Kérésìmesì lọ, ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Èkó ní àgbá, nínú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ogun Agídìngbì, tí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi bọ́ sórí ọ̀sà, tí wọ́n forí lé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n di ará ibẹ̀. Kòsọ́kọ́ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, ó ń ṣòwò epo gba èbúté Palma àti Lẹ́kí, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a lọ kò padà, àwọn ni ìran Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní, wọ́n ń gbé pẹ̀lú Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Báyìí ni ìmọ̀ atukọ̀ Èkó ṣe kún ìmọ̀ àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀. Ní Ìkòròdú pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti ìlú náà, kí Gólóbà, tí ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, tó rán ọmọ ogun tí ó fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tú wọn ká ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1865. Ìbẹ̀rù tí ó tún ju ti ogun lọ nígbà náà ni iná. Koríko àti imọ̀ ni òrùlé, ọyẹ́ a gbẹ ẹ́ bí ètù ìbọn, iná ibi tí a ti ń yan ẹja kì í sì í jìnnà sí ilé. Àgbà tí ó bá kéde ní alẹ́ pé ọyẹ́ ń bọ̀, ìkìlọ̀ nípa iná ni ó ń ṣe.

Nígbà tí ìwé dé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó kọ́kọ́ bá a wá. Ọ̀túnba J. A. Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó di akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ ní Èkó, ń tẹ àlùmánáàkì jáde láti àwọn ọdún 1870, tí ó ní ọjọ́ àjọ̀dún àti ìtàn ìlú nínú; ó sọ ọjọ́ tí Kérésìmesì yóò bọ́ sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọyẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn atukọ̀. Ọdún 1937 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí ọkọ̀ òfuurufú ju nítorí ọkọ̀ omi lọ. Ní 1945, Hamilton àti Archbold tẹ àyẹ̀wò ojú ọjọ́ Nàìjíríà jáde, wọ́n pín ojú ọ̀run wa sí ìpín-ìpín, wọ́n sì ya ti ọyẹ́ sọ́tọ̀ ní ìhà àríwá ààlà tí mo ti sọ. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ti wà ní Èkó láti 1935, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1962, nígbà tí ọmọ Ìkòròdú, Olóyè T. O. S. Benson, ẹni tí a bí ní 1917, jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn. Ó dùn mọ́ mi pé ọmọ ìlú ẹ̀bá ọ̀sà ni ó wà nídìí rẹ̀ nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn ènìyàn pẹ̀lú àwòrán.

Lónìí, àjọ tí ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, tí òfin 2003 dá sílẹ̀, ní ohun tí baba ẹnikẹ́ni kò ní rí. Sátẹ́láìtì ń rí eruku bí ó ti ń gbéra ní Bodélé, ní ilẹ̀ Ṣáàdì, níbi tí ẹ̀fúùfù ti ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá tagbáratagbára lórí ìsàlẹ̀ adágún tí ó ti gbẹ tipẹ́. Àwọn olùwòye á sì kìlọ̀ fún Kánò àti Màídúgùrì kí eruku náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí àwọn awakọ̀ òfuurufú tí ń kó àwọn ènìyàn lọ ṣọdún lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ orúkọ ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀ ni ìkéde máa ń dá, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, tí ó wà lẹ́bàá ọ̀sà, ní òwúrọ̀ kan náà. Obìnrin tí ń yan ẹja fún ọjà Kérésìmesì ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá atẹ́gùn òkun yóò fẹ́ ní ọ̀sán ọ̀la. Atukọ̀ tí ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Èkó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ó bo ojú omi yóò ká ní agogo mẹ́jọ tàbí kò ní ká rárá. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè méjèèjì ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà apẹja àti àgbà atukọ̀ tí ó kù ní Ìjẹdẹ, ní Agbówà àti ní Ẹ̀pẹ́, ọdún kan sì ń mú díẹ̀ lọ nínú wọn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ NiMet ní Oshodi àti Àbújá, tí wọ́n ní ẹ̀rọ, lọ bá wọn jókòó ní etí omi ní oṣù kọkànlá ọdún yìí, kí ọyẹ́ tó dé, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn àgbà náà bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi í wé ohun tí ẹ̀rọ rí ní ọjọ́ kan náà.